Lẹ́tà ṣíṣí sí Ilé Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Kogi: Ẹ ṣòfin bí èèyàn ṣe ń jáde kí ẹ tó mọ ògiri

Sí ẹ̀yin ọmọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Kogi,
Lokoja.

Ẹ̀yin ọlọ́lá,

Ókun o! Mo fi ìkíni ilé wa bẹ̀rẹ̀ kí ẹ lè mọ ibi tí mo ti wá. Ọmọ Kabba ni mí. Kuje, lábẹ́ Àbújá, ni mo ń gbé láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì ní 2021. Mo mọ̀ pé nínú ẹ̀yin 25 tẹ́ ẹ wà nílé náà, àwa Okun, Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi, kọ́ la pọ̀ jù. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́ nítorí òun ni mo fi ń ronú. Àwọn ará wa tó wà láàárín yín yóò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún àwọn Igala àti Ebira, kódà kó jẹ́ ìgbà tí wọ́n bá jọ ń jẹun.

Iṣẹ́ akọ̀wé kóòtù ni mo ṣe fún ọdún 26, ní kóòtù májísíréètì oríṣiríṣi ní Òkè Ọya. Mi ò ní dárúkọ ìlú kan tàbí kóòtù kan, torí n kò wá ro ẹjọ́ ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo ń kọ ìwé tí wọ́n fi ń gbé èèyàn lọ sẹ́wọ̀n. Adájọ́ á sọ̀rọ̀, adájọ́ á fọwọ́ sí i, àmọ́ orúkọ, ẹ̀sùn, ọjọ́ tí wọ́n máa tún gbé e wá, ọwọ́ mi ló ń kọ gbogbo rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ nípa ẹ̀wọ̀n nìyẹn: mo mọ bí wọ́n ṣe ń wọlé. Ẹ̀yìn tí mo fẹ̀yìn tì ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo bí wọ́n ṣe ń jáde.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 2023, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí àwọn àtúnṣe kan sí ìwé òfin ilẹ̀ wa. Ọ̀kan nínú wọn ni pé ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n, tó ti wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan láti ọjọ́ pípẹ́, di ohun tí ìpínlẹ̀ náà lè ṣòfin lé lórí. Ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n tú ọ̀rọ̀ iná mànàmáná àti rélùwéè sílẹ̀ fún ìpínlẹ̀. Ẹ ò rí bí àwọn ìpínlẹ̀ ṣe sáré ti iná! Òfin iná lọ́tùn-ún, òfin iná lósì. Ti ẹ̀wọ̀n wà nílẹ̀, a ò fi bẹ́ẹ̀ rí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mú un. Ó yé mi ṣá. Owó wà nínú iná, kò sì sẹ́ni tó ń fi ọ̀rọ̀ ẹlẹ́wọ̀n tọrọ ìbò.

Ìgbà yòówù tí ọ̀rọ̀ náà bá tiẹ̀ ṣẹ́ yọ níbi tí àwa àgbà ti ń jókòó, ohun kan náà ni mo ń gbọ́: kí ìpínlẹ̀ kọ́ ẹ̀wọ̀n tirẹ̀. Ìdí tí mo fi kọ̀wé yìí nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó ra àpò símẹ́ńtì kan, ẹ kọ́kọ́ ṣòfin bí èèyàn ṣe ń jáde.

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn yín. Ẹni tó bá ń ti Àbújá bọ̀ wá sílé, Koton-Karfe ló máa gbà kọjá, bí ọkọ̀ bá sì ti dé ibẹ̀, ẹnì kan kò ní ṣàìnawọ́ pé ibẹ̀ yẹn ni wọ́n ti máa ń fọ́ ẹ̀wọ̀n. Wọn ò purọ́. Ẹlẹ́wọ̀n sá níbẹ̀ ní 2012, wọ́n sá ní 2014, wọ́n sá ní 2019, wọ́n tún sá ní oṣù kẹta 2025. Ní Suleja, oṣù kẹrin 2024, òjò ló wó ògiri tí èèyàn 118 fi gba ibẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, omíyalé ṣe bẹ́ẹ̀ ní Maiduguri. Òjò ò mú ìbọn lọ́wọ́ o.

Èmi náà mọ ohun tí ògiri wà fún. Ní alẹ́ ọjọ́ 5 oṣù keje 2022, mo wà nílé mi ní Kuje nígbà tí àdó olóró bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ìyàwó mi pa iná. A nà gbalaja sílẹ̀ láàárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri, ó ń gbàdúrà, èmi ń ka iye ìgbà tó dún. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ní ẹlẹ́wọ̀n tó ti jáde lé ní 800. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, bí ajá bá gbó lóru, màá dìde jókòó. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé bàbá arúgbó kan ló ń káàánú olè.

Àmọ́ Kabba ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa. Ní oṣù kẹsàn-án 2021, àwọn agbébọn fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n ìlú mi, èèyàn 240 sì sá lọ. Gbogbo ayé gbọ́ 240. Iye mìíràn wà nínú ohun tí àwọn aláṣẹ ẹ̀wọ̀n sọ nígbà náà tí etí kò gbà dúró. Èèyàn 200 ni wọ́n kọ́ ọgbà náà fún. Èèyàn 294 ló wà nínú rẹ̀ lóru ọjọ́ yẹn. Nínú wọn, 224 ni kóòtù kankan kò tíì dá lẹ́bi. Àwọn tí wọ́n ti dá ẹjọ́ wọn, 70 péré. Ká ní àwọn 70 yẹn nìkan ló wà níbẹ̀, ọgbà náà ò ní kún dé ìdajì. Páàkì ni wọ́n fọ́ ní Kabba, páàkì tí èrò kún, tí mọ́tò kì í dé.

Kì í sì í ṣe Kabba nìkan. Jákèjádò Nàìjíríà, bí èèyàn mẹ́wàá bá wà lẹ́wọ̀n, ó tó bíi méje nínú wọn tó jẹ́ pé wọ́n ṣì ń dúró de kóòtù. “Awaiting” ni wọ́n ń pè wọ́n nínú ọgbà, bíi pé orúkọ ìdílé wọn ni.

Ta ló ni àwọn 224 wọ̀nyẹn? Ọlọ́pàá tó mú wọn, Àbújá ló ń sanwó rẹ̀. Wọ́dà tó ń ṣọ́ wọn, Àbújá. Ẹ̀wà tí wọ́n ń jẹ, Àbújá. Ṣùgbọ́n májísíréètì tó ní kí wọ́n lọ fi wọ́n pamọ́, ìpínlẹ̀ ló gbà á síṣẹ́. Olè jíjà, ìjà ìgboro, ìfọ́lé, òfin ìpínlẹ̀ ni wọ́n ní wọ́n rú. Ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ tí fáìlì wọn ń sùn sí, ti ìpínlẹ̀ ni. Ẹ̀yin lẹ ni ẹjọ́, àwọn ló ń bọ́ ọ. Bó sì ṣe jẹ́ pé wọn ò gba owó oúnjẹ lọ́wọ́ yín, kò sí ohun tó ń kán yín lójú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìwé náà ṣe ń rìn. Wọ́n á mú ọmọkùnrin kan, wọ́n á ní ó digun jalè. Májísíréètì kò láṣẹ láti gbọ́ ẹjọ́ ìdigunjalè. Gbogbo wa tó wà ní kóòtù la mọ̀, ọlọ́pàá tó gbé e wá náà mọ̀. Síbẹ̀, wọ́n á gbé e wá, adájọ́ á rìmáńdì rẹ̀, ìyẹn ni pé kí wọ́n fi í sẹ́wọ̀n títí ẹjọ́ rẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀, á ní kí fáìlì lọ sí ọ́fíìsì DPP, olórí àwọn agbẹjọ́rò tó ń pe ẹjọ́ ọ̀daràn fún ìpínlẹ̀, fún ìmọ̀ràn. Èmi á fa ìwé yọ nínú dúrọ́ọ̀, màá kọ ọ́. Ìmọ̀ràn ò ní dé. Ọlọ́pàá tó ń wádìí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n á gbé e lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Mọ́tò tó yẹ kó gbé ọmọ náà wá sí kóòtù, kò sí epo níbẹ̀. Adájọ́ á gba ìgbéga, ẹni tuntun á dé, á ní ká bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bírò pupa ni mo fi ń kọ “ẹjọ́ sún síwájú” sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ wọn. Dọ́sìnnì dọ́sìnnì ni mo ń rà á.

Òfin wà o. Abala 35 ìwé òfin 1999 sọ pé ẹni tó wà látìmọ́lé tí wọn ò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ láàárín oṣù méjì, kí wọ́n tú u sílẹ̀, yálà pẹ̀lú àdéhùn tàbí láìsí àdéhùn. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti 2015 tí wọ́n ń lò ní Àbújá, èyí tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ wo àwòkọ́ṣe rẹ̀, ní ọjọ́ mẹ́rìnlá mẹ́rìnlá ni kí wọ́n máa fi díwọ̀n rìmáńdì. Ṣùgbọ́n abala 35 yẹn kan náà yọ ẹ̀sùn tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú kúrò nínú oṣù méjì náà. Ẹ mọ̀ pé ìdigunjalè jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìyẹn ni ìjà lórí fóònù fi ń di ìdigunjalè nínú ìwé ẹ̀sùn. Ẹni tó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ará ìjọ wa lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n kan lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ọṣẹ la máa ń gbé lọ, gààrí, oògùn ara yíyún, nígbà míì ọbẹ̀ tí wọ́n á ní ká kọ́kọ́ tọ́ wò lójú wọn. Ní 2023, ọmọkùnrin kan gbọ́ pé mo ti ṣiṣẹ́ kóòtù rí, ó bẹ wọ́dà kan kó jẹ́ kí n wo ìwé òun. Wọ́dà náà mú un wá. Ọwọ́ mi ni mo rí lórí ìwé yẹn, tí lẹ́tà “g” mi ń wọ́ ìrù nílẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe láti ìgbà tí mo ti wà ní sẹ́kọ́ńdírì. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni mo kọ síbẹ̀. Ó ti lo ọdún mẹ́rin lé oṣù díẹ̀.

Mi ò sọ fún un pé èmi ni. Mo ní màá bá a wá lọ́yà, mo sì wá a. Ó jáde ní oṣù keje lẹ́yìn náà láìsí ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tó wá tako o. Ó ń ṣe wẹ́dà, iṣẹ́ irin jíjó, ní Gwagwalada báyìí, ó máa ń pè mí lọ́jọ́ ọdún. Mi ò tíì sọ fún un títí di òní.

Inú ọgbà yẹn náà ni mo ti mọ ẹni tí gbogbo wọn ń pè ní Bàbá, títí kan àwọn wọ́dà. Ọdún 21 ni kóòtù dá fún un. Ìjà ààlà oko ni, èèyàn sì kú nínú rẹ̀. Mi ò ní bo ìyẹn mọ́lẹ̀ fún yín. Nígbà tí mo kọ́kọ́ bá a pàdé, ó ti lo 11. Abẹ́ igi máńgòrò ló ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìwé kíkà, àwọn tí kò mọ “a” ló ń ka bébà fún mi nísinsìnyí.

Abala 468 òfin 2015 yẹn ń sọ̀rọ̀ irú Bàbá. Pàróòlù ni wọ́n ń pè é: kí ẹlẹ́wọ̀n lọ lo ìyókù ọdún rẹ̀ nílé, lábẹ́ àdéhùn. Ẹni tí wọ́n bá dá ọdún 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún, tàbí ẹ̀wọ̀n gbére, tó ti lo ìdá kan nínú mẹ́ta, tí ìwà rẹ̀ sì dára, olórí ilé iṣẹ́ ẹ̀wọ̀n lè kọ̀wé nípa rẹ̀ sí kóòtù. Kóòtù á gbọ́ tẹnu agbẹjọ́rò ìjọba, á gbọ́ tẹnu ẹlẹ́wọ̀n, ó sì lè dá ìyókù dúró. Ìdá kan nínú mẹ́ta 21, méje ni. Bàbá ti fi ọdún mẹ́rin kọjá rẹ̀. Mo bi wọ́dà kan, ọmọlúàbí èèyàn, bóyá ẹnikẹ́ni ti kọ ìwé náà. Ó rẹ́rìn-ín. “Alàgbà, ta ni ẹ fẹ́ kó kọ ọ́?”

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ kí òfin Kogi dáhùn.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe to abala náà. Àwọn tó wà lẹ́wọ̀n ní Nàìjíríà tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin, lẹ́tà ọ̀gá kan ṣoṣo ní Àbújá sì ni kálukú ẹni tí pàróòlù kàn nínú wọn ń retí. Kò sí ọjọ́ tí ọ̀gá náà gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Bí kò bá kọ ọ́, kò rú òfin. Lẹ́yìn ìyẹn, ọdún 15 tí wọ́n fi ṣe ààlà, mi ò tíì rí ẹni tó lè là á yé mi. Ẹni tó pààyàn tí wọ́n fún ní 21 lè rí pàróòlù, ẹni tó jí màlúù tí wọ́n fún ní mẹ́wàá ò lè rí i. Wọ́n á ní ṣebí wọ́n máa ń yọ díẹ̀ kúrò nínú ọdún rẹ̀ bó bá hùwà dáadáa. Wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọjọ́ tó bá jáde, kò sẹ́ni tó ń wò ó mọ́. Géètì ni wọ́n ṣí fún un, ó di ọ̀dọ̀ Ọlọ́run.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni ìgbìmọ̀ pàróòlù ti ìpínlẹ̀, fún àwọn tó rú òfin ìpínlẹ̀, tí yóò máa jókòó ní ọjọ́ tí òfin ti dá, tí yóò sì máa jókòó nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n gan-an, kì í ṣe ní gbọ̀ngàn kan ní Lokoja. Kí ọjọ́ ló máa gbé orúkọ ẹlẹ́wọ̀n síwájú wọn, kí ó má jẹ́ lẹ́tà. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta bá ti pé, kí orúkọ rẹ̀ wà lórí tábìlì, kí ẹni tó bá fẹ́ kó dúró wá sọ ìdí rẹ̀. Mo ti ṣe akọ̀wé: ohun tí ọjọ́ bá ń gbé wá kì í sọnù bí èyí tí èèyàn ń gbé wá. Kí wọ́n pe ìdílé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ náà, kí wọ́n gbọ́ tẹnu wọn. Àgbà òṣìkà ni ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dá. Kí alábòójútó sì wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kó má di pé ẹni tó ń gbé Isanlu ń wọ mọ́tò lọ sí Lokoja lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti lọ fọwọ́ sí ìwé. Owó ọkọ̀ yẹn nìkan tó láti sọ ọ́ di olè padà. Ìgbìmọ̀ náà ò ná yín ní ìdá kékeré nínú ohun tí ògiri máa ná yín.

Ẹnì kan nínú yín á ní ṣe bí gómìnà ti ní àṣẹ láti dárí ji ẹlẹ́wọ̀n. Ó ní i, abala 212 ni. Adájọ́ àgbà náà máa ń yí ká ọgbà ẹ̀wọ̀n, á tú àwọn kan sílẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò. Mi ò tako o, mo ti rí ìyá tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Àmọ́ bí ìgbà tí olówó bá ń fọ́n owó lóde àríyá ni, ẹni tó bá wà nítòsí ló máa rí he.

Ṣùgbọ́n kí n má tàn yín. Nínú 294 tó wà ní Kabba lọ́jọ́ náà, àwọn 70 nìkan ni pàróòlù lè kàn. Àwọn 224 kò tíì gba ìdájọ́, kí ni wọ́n fẹ́ dá dúró? Ti àwọn yẹn, ẹnu géètì ni ká lọ. Òfin 2019 tó yí orúkọ ẹ̀wọ̀n padà sí ilé àtúnṣe sọ ohun kan ní abala 12: bí ọgbà bá ti kún, kí àwọn aláṣẹ rẹ̀ kọ̀wé sí adájọ́ àgbà àti agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí àwọn náà wá nǹkan ṣe sí i láàárín oṣù mẹ́ta. Ó tún fún ọ̀gá ẹ̀wọ̀n ní ìpínlẹ̀ láṣẹ láti kọ̀, kó ní òun ò gba èèyàn kún un mọ́. Mo ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì lẹ́yìn òfin yẹn. Kò sí ìwé mi kan tí wọ́n dá padà lẹ́nu géètì. Wọ́dà wo ló fẹ́ dá ìwé adájọ́ padà? Ẹ fi òfin ìpínlẹ̀ ti abala yẹn lẹ́yìn. Ẹ sọ pé bí ìmọ̀ràn DPP ò bá dé láàárín ọjọ́ tí ẹ dá, ìwé rìmáńdì náà ti kú, kí akọ̀wé kóòtù má sì lè kọ òmíràn. Ẹ kọ “akọ̀wé” sínú òfin náà gan-an. Ó rọrùn fún mi láti máa kọ ọ́ nítorí kò sí ibi tí wọ́n ti dárúkọ mi.

Ohun kan kù tó ń já mi láyà nípa ẹ̀wọ̀n ìpínlẹ̀, àwọn ọmọdé inú yín lè má mọ̀ ọ́n. A ti ṣe é rí. Kí wọ́n tó kó gbogbo rẹ̀ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ ní 1968, Native Authority, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ ayé ìgbà yẹn, ní ẹ̀wọ̀n tirẹ̀ ní Òkè Ọya níbí, ó ní ọlọ́pàá tirẹ̀, ó ní kóòtù tirẹ̀. Ẹni tó bá wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú tí wọn ò fẹ́, ibẹ̀ ló máa sùn. Bàbá mi sọ pé nígbà ẹ̀wọ̀n N.A., bí ìwọ àti ẹni ńlá bá ń jà, owó orí tí o ti san ni wọ́n á ní o ò san. Bí ẹ bá wá kọ́ ẹ̀wọ̀n Kogi lọ́jọ́ kan, ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí ilé ìjọba. Ìgbìmọ̀ pàróòlù náà, ẹ má jẹ́ kí ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan jókòó níbẹ̀, ì báà jẹ́ ẹgbẹ́ yín.

Mo mọ̀ pé bí òfin yín bá kọlu ti àpapọ̀, ti àpapọ̀ ló máa lékè. Ẹ pe àwọn ọ̀gá ẹ̀wọ̀n, ẹ jọ jókòó kí ẹ tó kọ ọ́. Inú wọn á dùn, torí àwọn ni èrò páàkì yìí ń wọ̀ lọ́rùn.

Bí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ètò ìdájọ́ nílé yín bá fẹ́ kí n wá ṣàlàyé bí ìwé rìmáńdì ṣe ń rìn láti orí tábìlì akọ̀wé dé ẹnu géètì, màá wọkọ̀ wá lọ́jọ́ tí wọ́n bá sọ, mi ò sì ní gba owó ọkọ̀. Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù nìkan ni mi ò ní lè wá. Ọjọ́ yẹn la máa ń lọ kí Bàbá. Ó ti di ọdún 13 báyìí, ó sì ní ṣọ́ọ̀kì òun ti tán.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì,
Kuje, Àbújá.